Ta ló máa bá mi di aṣọ mú?

Fífò ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, fi fọ́ àga méjì nílé. Mo bá mú un lọ kọ́ júdò ní àdúgbò Fidjrossè lónìí.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn bi í: "Tí wọ́n bá gbé ẹ ṣánlẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni màá gbé wọn ṣánlẹ̀!"

Ó kó aṣọ ẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sáré wọlé.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Pobè, bí bàbá mi bá ń kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìjàkadì, èmi ni mo máa ń di aṣọ wọn mú. Ó ń wù mí, àmọ́ ẹnì kan ò pè mí rí.

Ọ̀gá yíjú sí mi: "Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Mo yára dáhùn pé rárá. Mo ti ń kábàámọ̀ látìgbà náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí mo bá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ló máa bá mi di aṣọ mú?