Kakitọ́ọ̀sì Onílé

Ní ọdún 1969, nígbà tí ọ́fíìsì gbé mi lọ sí Port Harcourt, ilé tí wọ́n fún wa lẹ́bàá Trans-Amadi ní onílé, àmọ́ onílé ò sí níbẹ̀. Ogun ló lé e lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ nígbà náà, bí ẹni pé ogun jẹ́ àlejò kan tí kò bá wa tan rárá. A bá àpótí aṣọ òfìfo níbẹ̀, àti kakitọ́ọ̀sì ńlá kan nínú garawa epo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gún bò ó, ìdí rẹ̀ sì ti ń jẹrà.

Ìyá àgbà ará Ikwerre tó ń gbé ilé kejì ló ṣàlàyé fún ìyàwó mi. Ọkọ obìnrin tó nilé ló gbìn ín nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà ń sá lọ, ó yà sọ́dọ̀ ìyá àgbà yìí, ó ní, "Mama, abeg, help me look my husband tree. I go come back carry am."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyàwó mi lára. Ó ní, "Kì í ṣe àwa la máa pinnu ọ̀rọ̀ ilé yìí, àmọ́ igi yìí ò ní kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Èmi ni mo gba iṣẹ́ náà, torí pé èmi ni mo lọ yunifásítì. Mo wá ìwé kan kà lórí rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òun àti igi náà jọ jókòó ṣèdánwò. Mo gé àwọn orí tó ṣì le, mo tẹ́ wọn síbòji títí ojú ibi tí mo gé fi gbẹ, tó sì jiná. Mo wá dá ihò sí ìdí agolo mílíìkì, mo fi iyanrìn, èédú àti àfọ́kù bíríkì sí i, mo gbìn wọ́n, mo tò wọ́n sójú fèrèsé. Ìyá igi kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúró. Bí àlejò bá wọlé, mo máa fi wọ́n hàn án kí n tó bu omi fún un mu. "Omi kọ́ ni wọ́n ń fẹ́," ni mo máa ń wí. "Ẹ ṣáà fi wọ́n sílẹ̀." Nínú ìlú tí òjò kì í dá, mo di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọ̀dá.

Nígbà tí ìyàwó mi bímọ, ìyá rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta wá bá wa tọ́jú ọmọ. Màmá mọ orọ́, igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi ń ṣọgbà yí oko ká, kò sì bu omi fún un rí láyé. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé inú agolo lójú fèrèsé alákọ̀wé, ẹbí orọ́ kọ́ nìyẹn. Ó fọwọ́ kan iyanrìn, ó gbẹ táútáú.

"Háà! Ọkọ ọmọ mi! Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ẹ kà, ẹ wá ń fi òùngbẹ pa ohun ẹlẹ́mìí?"

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti wẹ ọmọ tán, igi ló kàn.

"Ẹ bá màmá sọ̀rọ̀," ìyàwó mi sọ fún mi ní kọ̀rọ̀.

"Ìyá ta ni?"

"Ẹ̀yin lẹ kàwé rẹ̀."

"Ìwé yẹn ò mẹ́nu ba ìyá ìyàwó."

"Tí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní ilé ọkọ ni mo ti kọ́ àfojúdi."

Mo gbìyànjú. Mo to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, mo dé iwájú màmá, àyà mi sì ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ ṣé fún ti àwọn igi yẹn mà." Màmá dáhùn pé kò tọ́pẹ́, ó sì fi kún omi. Mo gbé àwọn agolo pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wá wọn rí. "Ẹ fẹ́ kí n sinmi ni, àbí? Kò rẹ̀ mí o!"

Àwọn igi náà kọ́kọ́ wú, wọ́n ń dán. Màmá pè mí pé kí n wá wo bí wọ́n ṣe sanra. Lẹ́yìn náà wọ́n rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù, wọ́n sì ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ogun parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Kò pẹ́ sígbà náà tí obìnrin kan kanlẹ̀kùn wa. Ó rù débi pé aṣọ ọrùn rẹ̀ dà bí èyí tó yá wọ̀. Òun nìkan ló dé. Ọkọ rẹ̀ ti kú sí ojú ogun. Mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ nípa ilé, nípa ìjọba àti òfin. Kò tilẹ̀ mẹ́nu ba ilé.

"Oga, abeg, my husband tree dey?"

Ìyàwó mi mú un lọ sójú fèrèsé. Agolo nìkan ló kù. Màmá ṣì ń bu omi sí wọn, ó ní bóyá ìdí á hù. Obìnrin náà bu iyanrìn díẹ̀, ó fọwọ́ fún un, omi ń kán láàárín ìka rẹ̀.

"Who dey give am water?"

Màmá bi mí pé kí ló wí. Mo sọ fún un.

"Ẹ sọ fún un pé èmi ni. Ẹ ní mi ò jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Obìnrin náà wo màmá, ó wo ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Ó gbá ọwọ́ màmá méjèèjì mú. "Tell Mama say she try."

Mo sọ ìyẹn náà. Inú màmá dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà: kí Ọlọ́run tù ú nínú, kí ilé rẹ̀ tutù, kí ohun tó bá gbìn má gbẹ. Èyí ni mi ò túmọ̀. Obìnrin náà ò sì bi mí. Ó ń ṣe àmín níbi tó yẹ, ó dágbére fún wa, ó lọ.

Ìgbà tó lọ tán la tó rántí pé a ò béèrè ibi tó dé sí.