Ẹní Tuntun Ẹ̀yìn Kọ́tìnnì

Òórùn pákó tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Mo gbé tábìlì kan bọ̀ láti Anloga Junction, èyí tí mo ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe bí ààbọ̀ òṣùpá, kí n lè jókòó sínú rẹ̀ kí ojú mi sì tó gbogbo ọmọ tó bá yí i ká. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà nígbà náà, ní ilé ìwé kan nítòsí Moshie Zongo, àdúgbò tí àwọn Mùsùlùmí tó wá láti ìlú mìíràn ń gbé. Níbi tí wọ́n ti dá wa lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní kí olùkọ́ ya igun kan sọ́tọ̀ nínú kíláàsì, kó máa kó àwọn ọmọ díẹ̀ tí ìwé kíkà le fún lọ síbẹ̀. Mo gbà á gbọ́ bí ẹni gba ìwàásù gbọ́.

Ọmọbìnrin kan ni mo tilẹ̀ torí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí. Kò mọ ìwé kà rárá, bẹ́ẹ̀ ló ti wà ní kíláàsì kẹta. Ìyá rẹ̀ àgbà, Àlhájà kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ti sọ fún mi pé bí ọmọ náà kò bá mọ̀ ọ́n kà kí wọ́n tó gba ọlidé, òun á mú un lọ sọ́jà kó lọ máa ta rọ́bà. "Wallahi, tíṣà, mi ò bá yín jà," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ̀wé, ẹ jẹ́ kó mọ ọjà."

Nítorí pé mi ò fẹ́ kí ojú ti ọmọ náà, mo ta kọ́tìnnì bo igun yẹn, mo tẹ́ ẹní tuntun sílẹ̀, mo sì ní kí ẹni tó bá máa wọlé bọ́ bàtà rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí tí mo fi yan àwọn tí mo yàn. Ọgbọ́n ni mo pè é. Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Fante New Town ni wọ́n ti tọ́ mi, láàárín àwọn ará ìjọ wa tó ń jókòó sórí àga. N kò rò ó pé ní Zongo, ibi tí ẹní tuntun bá wà, tí kọ́tìnnì bò, tí a ti ń bọ́ bàtà, àlejò pàtàkì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìròyìn ti kárí pé tíṣà ti yan àwọn ọmọ tó fẹ́ràn jù. Ìyá kan gbé kókò, ògì mímu wọn, àti àkàrà gbígbóná wá fún mi. "Madam, mepa wo kyɛw," ó ń fi èdè ìlú náà bẹ̀ mí, "kí ni ọmọ tèmi ṣe tí kò fi wọ yàrá?" Bàbá kan wọ agbádá funfun wá, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, aṣọ ọdún ló wọ̀ fún un. Ọ̀gá ilé ìwé pàápàá bi mí bóyá òun lè máa gba àlejò níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ìyá méjì fẹ́ bá ara wọn jà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá pàṣẹ pé kí gbogbo kíláàsì kúkú wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

Gbogbo wọn sì wọ̀ ọ́. Àwọn kan wà lábẹ́ tábìlì, àwọn kan wà lórí rẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ara wọn ṣe tábìlì ìkọ̀wé. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ariwo. Ọmọ tí n kò rí pa lẹ́nu mọ́ láti ìgbà tí a ti wọlé ká ẹsẹ̀ kò, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni wà níbi yìgì. Èmi dúró sínú yàrá òfìfo, mo ń ka ìṣirò sókè fún kọ́tìnnì.

Ọmọbìnrin yẹn nìkan ni wọ́n tì jáde, torí kì í bá ẹnikẹ́ni du nǹkan. Ó dúró láàárín kíláàsì, ìwé lọ́wọ́, omi lójú. Mo fa bẹ́ǹṣì kan, mo ní kó wá jókòó tì mí. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn yòókù bá ti wọ ààfin wọn tán, àwa méjì á máa kàwé. Kò sí ẹni tó ń fi í rẹ́rìn-ín.

Àfi bí Àlhájà ṣe yọjú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ọlidé kù díẹ̀. Ó rí bàtà rẹpẹtẹ lẹ́nu kọ́tìnnì, ó rí ọmọ ọmọ rẹ̀ níta.

"Gbogbo ayé wà lórí ẹní, ẹ wá ju ọmọ tèmi síta bí ẹni tó jalè?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, kò gbọ́. A ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ sí ààtàn lọ jẹ. Ó ti di ọmọ lọ́wọ́ mú, ọjà ló kù tí wọ́n ń lọ.

"Ìyá, mo ti mọ̀ ọ́n kà," ni ọmọ náà wí.

Àlhájà ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò ṣeé tàn. Ó kọ ìwé wa, ó ní ọmọ lè ti há a sórí. Ó yọ ọṣẹ kan nínú báàgì rẹ̀, páálí ṣì wà lára rẹ̀. "Ka tibí."

Ọmọ náà fi ìka tẹ̀ lé e, ó kà á lẹ́yọ lẹ́yọ, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá fún un. "Ó ní ilẹ̀ àti balùwẹ̀ ni kí wọ́n fi fọ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ kan ojú."

Àlhájà wo ọṣẹ, ó wo èmi. "Ojú ni mo ń fi fọ̀," ni ó wí wẹ́rẹ́. "Láti ìgbà ààwẹ̀." Ó sì jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ náà.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ yẹn báyìí, èmi ṣì ń kọ́ni. Mo máa ń sọ ìtàn náà fún àwọn tíṣà tuntun, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ohun tí n kì í sọ fún wọn ni pé ká ní ètò mi rí bí mo ṣe gbèrò rẹ̀, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni ọmọ yẹn ì bá wà, àwọn tó yá jù ú lọ ì bá máa dáhùn ṣáájú rẹ̀, èmi ì bá sì máa rò pé mo ń kọ́ ọ.