Pèpéle Àwọn Ẹnjiníà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń fẹsẹ̀ lásán sáré kiri Tudun Wada níbí ní Minna, àwọn tí a ń pè ní ẹnjiníà kò pọ̀, àwọn tó sì wà kì í pariwo ara wọn. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí bàbá mi. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e wá síhìn-ín, káfíńtà ni fún wọn, òun ló sì ń kan òrùlé ilé àwọn òṣìṣẹ́. Bó bá parí òrùlé kan, kì í tètè lọ sílé. Á jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an, á ní kí n gbé oúnjẹ ọ̀sán òun wá síbẹ̀, á jẹ ẹ́ tán níbẹ̀ kí onílé tó wọlé. Ọ̀gá rẹ̀, ẹnjiníà kan tó máa ń wọ ṣòkòtò funfun, máa ń fàyà fà wọ abẹ́ afárá, á sì jáde tòun ti ẹrẹ̀ láyà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ojú ara mi rí i. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi náà dàgbà sínú pákó. Nígbà tí mo lọ́kọ, pákó ni mo ń tà, mo sì tà á títí eékún mi fi kọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, kí ẹ má baà sọ pé ìyá arúgbó kan ń sọ ohun tí kò mọ̀.

Ọmọ ọmọ mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Dutsen Kura. Obìnrin ni, ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ló sì kọ́. Minna ni wọ́n bí i sí, Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, Káákà ló sì ń pè mí, bí àwọn ọmọ Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà. Ó lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, ó ṣe agùnbánirọ̀ fún ọdún kan, ó tún lo ọdún mẹ́rin nínú eruku níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Lẹ́yìn gbogbo èyí ló wá bá mi pé wọ́n fẹ́ ṣètò láti fi òun jẹ ẹnjiníà. Mo ní, kí lo ti wá ń ṣe láti ọjọ́ yìí, ṣé irun lo ń dì ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé òun gbọ́dọ̀ búra níwájú àwọn àgbà iṣẹ́, kí wọ́n wá fún òun ní òǹtẹ̀ tòun. Láìsí òǹtẹ̀ yìí, kò lè fọwọ́ sí àwòrán ilé kankan, ẹlòmíràn ni yóò máa fọwọ́ sí iṣẹ́ tó bá ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé ọjọ́ tó bá gba òǹtẹ̀ ni òun yóò fi í ṣe olórí iṣẹ́ ilé-ìwé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Fadikpe. Bí ètò yìí bá fo òun dá, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n pè wá sí, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n sì kọ sínú ìwé ìpè. Àwa òmùgọ̀ ti débẹ̀ kí ó tó lù. Oòrùn ti wà ní àtàrí kí ọ̀gá àkọ́kọ́ tó yọjú. Bí wọ́n ṣe ń dé ni atọ́kùn ètò ń ka oyè wọn lọ rẹrẹẹrẹ, ẹnjiníà báyìí, alága àná, igbákejì alága ìjẹta, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ayàwòrán ń dọ̀bálẹ̀ kó lè rí ikùn wọn yà dáadáa. Ẹni tí wọ́n pè mú ẹni tí wọn kò pè dání, àwọn méjèèjì sì fẹ́ jókòó lókè. Agbádá ẹnì kan ṣoṣo gba àga méjì. Mo ń wò wọ́n, mo ń pòṣé. Àwọn ọmọ tí wọ́n torí wọn ṣe ètò, bí ọgọ́ta, wà lẹ́yìn nínú gáùn dúdú, ooru ń mú wọn, kò sì sẹ́ni tó fún wọn lómi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan sọ̀rọ̀ lórí òdodo. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ lórí ààbò ẹ̀mí aráàlú. Ẹ̀kẹta ń sọ fún wa bí òun ṣe jẹ́ èèyàn pàtàkì tó, ó sì sọ ọ́ títí oorun fi gbé mi lọ díẹ̀.

Àwọn ọ̀gá yìí ti pọ̀ ju pèpéle gbọ̀ngàn náà lọ, nítorí náà wọ́n ti ní kí àwọn kan fi pákó fà á gùn síwájú láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì ta aṣọ aláwọ̀ ewé bò ó. Ìwájú gan-an ni wọ́n fi mí sí nítorí ọjọ́ orí mi. Fáànù ńlá kan ń fẹ́ aṣọ yẹn sókè sódò. Níbi tó ti fẹ́ ẹ sókè ni mo ti rí ẹsẹ̀ pèpéle náà. Igi tútù ni, igi tí mi ò ní tà fún ẹni tó fẹ́ fi kan ilé adìyẹ. Kò sí igi ìdábùú kankan tó so ẹsẹ̀ kan mọ́ èkejì. Ọ̀kan nínú wọn dúró lórí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù náà sì ti ń rún. Bí ọ̀gá kan bá yídìí padà lórí àga, gbogbo rẹ̀ á gbọ̀n.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí yé mi ju ẹnikẹ́ni lọ nínú gbọ̀ngàn yẹn, mo sì panu mọ́. Mo ní bí mo bá pariwo, wọn á ní ìyá arúgbó kan ba ètò àwọn jẹ́, wọn á bèèrè ẹni tí mo bá wá, wọn á sì fa orúkọ rẹ̀ yọ. Mo ní pèpéle náà ti ń gbé wọn bọ̀ láti ọ̀sán, á gbé wọn dé ìparí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé àga mi, mo sún un sẹ́yìn, mo tún sún un, títí mo fi kúrò níbi tí igi ti lè bà mí.

Ọmọ ọmọ mi rí mi. Ó wá bá mi, ó ní, “Káákà, lafiya? Kí ló dé tí ẹ sún?” Mo ní atẹ́gùn fáànù ti pọ̀ jù fún mi. Ó mọ̀ pé mi ò kì í sá fún fáànù. Ó wò mí, ó wo ibi tí mo ti sún kúrò, ó padà sáàyè rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa gòkè wá búra ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Òun ló ṣáájú àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ó dé ìdí àtẹ̀gùn, ó dúró. Ó ká gáùn rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ṣí aṣọ, ó ti orí bọ abẹ́ pèpéle. Àwọn èèyàn rò pé nǹkan rẹ̀ ló já bọ́ tó ń wá.

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ má bínú,” ó ní nígbà tó dìde. “Don Allah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ò lè gbé àwa mẹ́wàá mọ́ yín. Bí a bá gùn ún, yóò wó.”

“Haba!” ni alága wọn ní. “Ìwọ tí o kò tíì búra, tí o kò ní òǹtẹ̀, ìwọ lo fẹ́ sọ ohun tó lè gbé wa fún wa?” Ó ní ẹni tó bá fẹ́ di ẹnjiníà lọ́jọ́ náà kó gòkè, ẹni tí kò bá fẹ́ kó máa lọ sílé. Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín.

Àwọn mẹ́sàn-án yòókù wojú ara wọn. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, ó wò, ó fà sẹ́yìn. Òmíràn wò. Kò pẹ́ tí gbogbo ọgọ́ta ọmọ yẹn fi yí pèpéle ká, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń nàka, tí wọ́n ń bára wọn jiyàn. Láti àárọ̀, ìgbà yẹn ni mo tó rí ẹnjiníà nínú gbọ̀ngàn náà. Ẹ̀rín tán lókè. Ẹni tó gbẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ kò lè sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ẹni tí òógùn ń dà sójú rẹ̀ kò jẹ́ nawọ́ nù ún. Nígbà tó pẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń di etí agbádá ara wọn mú. Alága ló kẹ́yìn. Bó ṣe tẹ ilẹ̀ báyìí ni ẹsẹ̀ orí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù yẹn yẹ̀, igun kan wó gbì, àwọn àga tó ṣófo sì yí lulẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n dúpẹ́? Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti mú àwọn ọmọ yòókù búra, wọ́n sì fún wọn lóǹtẹ̀. Wọn kò pe orúkọ ọmọ ọmọ mi. Akọ̀wé wọn ní ó ti fi ìwọ̀sí lọ àwọn àgbà, pé ó gbọ́dọ̀ wá ṣàlàyé níwájú ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn tó gbà là gba òǹtẹ̀ tiwọn, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà sílé, mo bú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé ìdajì rẹ̀. Ó jẹ́ kí n bú wọn tán. Ó wá ní, “Káákà, ẹ ti rí i kí n tó wá bá yín, àbí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?”

Mo ní nítorí òǹtẹ̀ rẹ̀ ni.

“Ẹ̀yin sún àga yín sẹ́yìn,” ó ní. “Èmi ńkọ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó kẹ̀kẹ́ nínú àpò mi. Wọ́n ti kan òrùlé ilé-ìwé Fadikpe báyìí, ọmọ ọmọ mi ló sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun gbogbo ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń tẹ òǹtẹ̀ sí iṣẹ́ náà. A máa ń sọ pé ayé ti yí padà, àwa àgbà sì máa ń sọ ọ́ bíi pé àwọn ọmọdé ló yí i nígbà tí a sùn lọ. Irọ́ ni. Ojú wa là sílẹ̀. Mo fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn alágbádá ọjọ́ yẹn, mi ò sì ní í ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò wo abẹ́ pèpéle yẹn, wọn kò mọ̀. Èmi mọ̀.