Àkàlàmàgbò Tí Màmá Rí Lórí Òkè

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè láti Àbújá, ó ní kí n máa di ẹrù Màmá. Màmá ti sọ fún un lórí fóònù pé àwọn rí àkàlàmàgbò lórí òkè àpáta tó wà lẹ́yìn oko wa.

"Ẹyẹ tó ti tán láti kékeré wa? Orí wọn ti ń dàrú nìyẹn. Wọn ò lè dá gbé Ọ̀fà mọ́."

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Wọ́n ń gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Sọ fún un pé òun ló ń lo awò ojú, kì í ṣe èmi."

Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mò ń ṣe, mo mọ bí wọ́n ṣe ń wá ẹlẹ́rìí. Mo kọ́kọ́ lọ bá ọdẹ kan ládùúgbò. Ó rẹ́rìn-ín: "Àkàlàmàgbò kẹ̀? Bàbá mi ló pàdé ìyẹn. Èmi ò rí ju ìyẹ́ rẹ̀ lọ."

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Màmá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sóko, a jókòó sí ìdí òkè títí oòrùn fi mú. Àparò nìkan ló fò.

Alhaja kan tó ń ro oko ẹ̀gẹ́ nítòsí bi wá pé kí là ń wá. Mo sọ fún un. Ó wo kámẹ́rà tó wà lọ́rùn mi.

"Ṣé kì í ṣe akọ̀ròyìn ni yín?"

"Akọ̀ròyìn ni mí, ma."

"Mi ò mọ nǹkan kan nìyẹn."

Màmá dá sí i. "Alhaja, ọmọ mi ló ní orí mi ti dàrú. Ó fẹ́ kó mi lọ Àbújá."

Obìnrin náà gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Ẹ̀yin kẹ̀, Mummy? Méjì ni wọ́n, takọtabo. Ìdájí ni wọ́n ń ké, ẹ ó rò pé màlúù ni. Ṣùgbọ́n tí ìwé ìròyìn bá gbé e, ọdẹ á kún ibí."

Mo ṣèlérí pé mi ò ní dárúkọ òkè náà. Mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé fóònù fún Alhaja.

"Ọ̀gá, orí ìyá yín pé. Èmi náà ń rí ẹyẹ yẹn."

"Ṣé wọn ò kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó sọ, ma?"

"Ta ló fẹ́ wá kọ́ mi nírọ́ lóko ara mi?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí Màmá ṣì wà l'Ọ́fà ná.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, tí mo ti sọ̀rọ̀ ẹyẹ náà fún kí n tó lọ sóko, ń béèrè fọ́tò. Mo ní mi ò rí àkàlàmàgbò kankan yà, òótọ́ sì ni.