Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lápá Òsì

Obìnrin alágbàfọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gúnrégé. Ẹ̀wù tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ojú ìlà rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gé búrẹ́dì. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: tábìlì gígùn kan tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó bò, áyọ́ọ̀nù méjì, okùn tó ta láti ògiri dé ògiri, àti fèrèsé kékeré kan tí ooru ń gbà sá jáde. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti wà nílé tiwọn. Ní ìjọ, òun ló ń darí àdúrà Ọjọ́bọ̀. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nídìí àdúrà náà nìyẹn.

Adarí akọrin ló fi í sínú ẹgbẹ́ orí fóònù. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí ní ìjọ, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n sì rí. Ọjọ́ kan ló wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú fóònù yín wá, kí ẹ yé bá áyọ́ọ̀nù nìkan sọ̀rọ̀."

"Kí Ló Fà Á?" ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń lo orúkọ ara rẹ̀. Ohun tí ojú ń tini láti béèrè níta ni wọ́n ń béèrè. Kí ló dé tí ẹni tó ń yán fi ń kó o ran ẹni tó ń wò ó? Ẹni tí kì í ká aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀, ṣé ọ̀lẹ ni àbí ọlọ́gbọ́n? Gúnrégé kọ́kọ́ ń kà lásán ni. Ìgbà tí ẹnì kan wá béèrè ìdí tí ìbọ̀sẹ̀ fi máa ń sọnù ní ẹyọ kan, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó sọ ara rẹ̀ ní Etí Aṣọ, ó kọ ọ́ pé, "Kò sọnù. Ẹ wo inú apá ẹ̀wù tí ẹ jọ fọ̀ wọ́n pọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fà wọ́n yọ níbẹ̀."

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi ya àwòrán ìbọ̀sẹ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́: "Etí Aṣọ, Ọlọ́run á bù kún yín. Láti Sátidé ni mo ti ń fẹ̀sùn ẹ̀ kan ọkọ mi."

Láti ọjọ́ náà, obìnrin tó ń dá jẹun wá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn tó ń kí i káàárọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń lọ ẹ̀wù funfun kan, ó sì ń gbàdúrà fún ẹni tó ni ín gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó dákẹ́ lójijì. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó mú fóònù. "Ìbéèrè tèmi lónìí: bí ènìyàn bá ń gbàdúrà, tó jẹ́ ohùn ara ẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, ṣé ó ti ṣe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ rí?"

Ó lé ní igba ènìyàn tó dá a lóhùn. Ẹnì kan ní, "Ó ń ṣe mí láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Mo ṣì ń lọ, bí ìgbà tí èèyàn ń lọ kí aláìsàn tí kò dáni mọ̀ mọ́." Gúnrégé ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí ọjọ́ tó rọ̀, adarí akọrin kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ìbéèrè yín. Ṣé tiyín ni, àbí ẹ ń bá ẹlòmíì béèrè?"

Ó jókòó lórí àpò aṣọ, ó fèsì. "Tèmi ni, àbúrò mi. Ó ti pé ọdún méjì. Ní Ọjọ́bọ̀, mò ń sọ ohun tó yẹ kí n sọ, ẹ̀ ń ṣe àmín, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. Mi ò fi Ọlọ́run sílẹ̀ o. Mi ò kàn gbọ́ ohùn Rẹ̀ mọ́ ni. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kẹ́nì kankan gbọ́."

"Èmi kẹ̀? Inú mi ló wọ̀ yẹn, kò jáde mọ́."

Lọ́sẹ̀ kejì, pásítọ̀ pè é sí ọ́fíìsì, ó na fóònù sí i. "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

Àwòrán ọ̀rọ̀ tí wọ́n yà lójú fóònù ni. Gúnrégé rò pé ìbéèrè inú ẹgbẹ́ ni, ó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá rí Ọjọ́bọ̀ níbẹ̀, ó rí ọdún méjì. Nǹkan kan sì tún ṣàjèjì lójú rẹ̀ nínú àwòrán náà. Ó yọ fóònù tirẹ̀, ó ṣí ọ̀rọ̀ náà. Lórí tirẹ̀, apá ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Nínú àwòrán yìí, apá òsì ni. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí nìkan ló lè rí i lápá òsì, ẹnì kan ṣoṣo ló sì kọ ọ́ sí. Lókè pátápátá ni orúkọ tí ẹni náà fi tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀ wà: Ẹ̀gbọ́n Mi Àtàtà.

"Ẹni tó fẹ́ràn ọkàn yín ló mú un wá," ni pásítọ̀ wí. "Ó sọ fún mi nípa ẹgbẹ́ orí fóònù yẹn náà. Ó ní kí n má dárúkọ òun."

"Ẹ má dárúkọ ẹ̀, Bàbá. Mo ti rí i."

Pásítọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní kí Gúnrégé sinmi ná, kí adarí akọrin máa bá a darí àdúrà Ọjọ́bọ̀. Bí Gúnrégé bá lè dìde níwájú ìjọ, kó sọ pé àwọn ará orí fóònù ló da ọkàn òun rú, ipò rẹ̀ ń dúró dè é.

Ó bá adarí akọrin lórí àtẹ̀gùn ìjọ. "O tà mí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí yín ni. Àyà mi ló já."

"Tí àyà ẹ bá já, ṣé o ò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ni?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣíwájú wa nínú àdúrà, ẹ wá ń sọ pé..."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn tí mi ò mọ ojú wọn ò tú mi fó. Ìwọ tí a jọ ń jókòó..." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, pásítọ̀ mi orí sí i pé ó yá. Ó dìde. Àwọn kan ti ń múra láti pàtẹ́wọ́.

"Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n sọ pé fóònù ló sọ mí dà báyìí. Fóònù kọ́. Ó ti ń ṣe mí kí n tó wọ ẹgbẹ́ kankan. Mi ò lè purọ́ nílé Ọlọ́run nítorí kí n lè padà máa darí àdúrà níbẹ̀."

Ẹnì kan kígbe pé, "Jésù o!" Ẹlòmíràn ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ jókòó." Ó jókòó, òun nìkan lórí bẹ́ǹṣì.

Níwájú, adarí akọrin bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ ọ́n gbà. Ìyẹn gan-an ló dun Gúnrégé jù. Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, òun náà kúnlẹ̀.

"Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè sọ fún," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mi ò mọ̀ bóyá Ò ń gbọ́. Ṣùgbọ́n Ìwọ ò tíì gbé ọ̀rọ̀ mi fún ẹnì kankan rí."

Ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn yòókù ṣe àmín, wọ́n dìde. Òun ò tíì dìde.