Abọ́ Tí Mo Gbé Jáde

Ẹ̀jẹ̀ tó bá dá fúnra rẹ̀, èmi kì í gbà á gbọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù aládàáni kan létí ọ̀nà Warri sí Sapele, òdìkejì dókítà gan-an ni mo sì máa ń dúró sí tó bá ń ṣiṣẹ́ abẹ. Èmi ni mo ń fi irin fa ikùn ṣí kó lè ríran, èmi ni mo ń nu ẹ̀jẹ̀, èmi ni mo ń gé okùn tó bá ti ta kókó. Àwọn ènìyàn rò pé ọwọ́ lásán la fi ń ràn án lọ́wọ́. Irọ́ ni. Ẹni tó di irin mú gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lábẹ́ irin yẹn, torí tó bá tẹ̀ ẹ́ jù, ìfun lè fara gbọgbẹ́. Tó bá sì dẹ ọwọ́, dókítà ò ní rí ibi tó ń rán. Ìfura tèmi, ilé ni mo ti kó o wá. Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, "ìfura loògùn àgbà" kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, obìnrin kan tí kò tíì bímọ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì wa. Ìju, tí wọ́n ń pè ní fibroid, ti hù sí ilé ọmọ rẹ̀, a sì fẹ́ yọ ọ́. Dókítà ti ṣàlàyé fún un pé tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá, ó lè di dandan ká yọ ilé ọmọ náà pẹ̀lú, ó sì ti fọwọ́ síwèé. Warri la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dáhùn. Bí a ṣe ń tì í wọlé, ó di ọwọ́ mi mú.

"Aunty nurse, abeg, if una comot my womb, make una no tell Mama."

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni Mama yẹn. Ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ẹran ni wọ́n ń tà lọ́jà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọn ò gba omi tí a fún wọn, ojú wọn ò sì kúrò lára ilẹ̀kùn wa. Bí mo ṣe fẹ́ kọjá, wọ́n dá mi dúró.

"Ṣé ẹ máa fi ohun tí ẹ bá yọ hàn mí?"

Àṣà wa ni pé ká fi han ẹbí, kí wọ́n má baà sọ pé a kàn la ènìyàn níkùn lásán. Síbẹ̀, ara fu mí sí ìbéèrè yẹn. Mo ti rí ìyá ọkọ tó gbọ́ pé ilé ọmọ ti lọ, tó sì ti ń wá ìyàwó mìíràn fún ọmọ rẹ̀ kí ojú ọgbẹ́ tó jinná. Mo ní, "Ẹ máa rí i, Màmá," mo bá tèmi lọ. Inú ń bí mi.

Dókítà fi rọ́bà so ọrùn ilé ọmọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya, ó sì yọ àwọn ìju náà, wọ́n le, wọ́n rí roboto bí ọsàn. Lẹ́yìn tó rán an tán, ó tú rọ́bà náà. Gbogbo ibẹ̀ gbẹ. Ó gbẹ jù lójú mi. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ti wálẹ̀ nígbà yẹn, bó bá sì wálẹ̀ báyẹn, iṣan tí kò tíì dì lè ṣe bí ẹni pé ó ti dì, kó wá ya lẹ́yìn tí a bá ti rán ikùn pa. Mo gbójú sókè. Dókítà náà ti káwọ́ dúró.

"Madam, no fear," ó ní, "I dey wait too."

Ẹni tó ń fún aláìsàn lóògùn oorun mú ìfúnpá náà bọ̀ sípò, ni ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lábẹ́ ojú rírán kan. Mo fi ìka tẹ ibẹ̀, mo yí ilé ọmọ náà díẹ̀ kí dókítà lè rí ẹnu iṣan. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ò mú un. Mo rí i tí ojú dókítà yà síbi irin tí a fi ń yọ ilé ọmọ. Mi ò gbé ìka mi. Ó tún gún un, ó ta kókó, mo sì gbé ìka náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dá. A tún dúró, torí mi ò tíì gbà á gbọ́.

Nígbà tí mo gbé abọ́ ìju náà jáde, Màmá dìde. Wọn ò tilẹ̀ wo ojú mi.

"Yí i padà. Tọ̀hún náà. Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí? O ò fi nǹkan kan pamọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ nìyí. Kí lẹ̀ ń wá gan-an, Màmá?" Ohùn mi le, mi ò ní purọ́.

"Ilé ọmọ ni. Ẹran ni mò ń tà. Tó bá wà níbẹ̀, màá mọ̀ ọ́n." Wọ́n jókòó padà. "Lẹ́yìn tí mo bí ọkọ rẹ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Wọ́n yọ tèmi, bàbá ọmọ náà nìkan ni wọ́n sọ fún. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, nǹkan oṣù mi á padà. Mo mu àgbo, mo gbààwẹ̀, mò ń retí ọmọ títí irun mi fi funfun. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ ń kú lọ ló tó jẹ́wọ́. Wọn ò ní ṣe é fún ìyàwó mi."

Ojú tì mí nítorí ohun tí mo ti ń rò sí wọn.

Nígbà tí ìyàwó jí, mo tètè sọ fún un pé ilé ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wò mí, ó wo Màmá tó dúró lẹ́yìn mi, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi: ó rò pé a ti yọ ọ́, pé ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀ mí ni mò ń mú ṣẹ níwájú Màmá. Mo búra fún un, kò gbà.

Màmá rọra tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ etí rẹ̀.

"Mo wo abọ́ náà fúnra mi, ìyàwó mi. Kò sí níbẹ̀. Ó wà nínú rẹ."

"Mama, you check am well?"

"Mo yí gbogbo rẹ̀ padà."

Ìgbà yẹn ló tó gbàgbọ́.