Ọ̀nà Tó Ya Màmá Mi àti Ọ̀rẹ́ Wọn

Olùkọ́ ni màmá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbẹ́ títì ni ilé wọn wà ní Challenge. Ọ̀rẹ́ wọn, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà, ń gbé ní òdìkejì títì ọ̀hún. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, màmá mi á mú ọ̀pá wọn, wọ́n á dúró kí ọkọ̀ dá díẹ̀, wọ́n á sì sọdá lọ bá wọn. Wọ́n á jọ ka Bíbélì, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ́ ṣú.

Nígbà tí ìjọba fẹ títì náà lójú, inú gbogbo wa dùn. Wọ́n mọ ògiri kọnkéré sí àárín rẹ̀, wọ́n gbé afárá fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, bọ́ọ̀sì tuntun sì dé. Èmi gan-an wà lára àwọn tí wọ́n gbà láti wádìí àǹfààní tí aráàlú rí níbẹ̀. Ibùdókọ̀ ni mo máa ń dúró sí, mà á máa bi èrò léèrè bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan sọ fún mi pé òun ti ń délé bá àwọn ọmọ òun jẹun báyìí. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Orúnkún màmá mi ò gba àtẹ̀gùn afárá. A gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, a ò tíì gùn ún dé ìdajì tí wọ́n fi jókòó.

"Jẹ́ ká padà," ni wọ́n wí.

Ojú ọ̀rẹ́ wọn ò ríran dáadáa mọ́, àwọn náà ò lè dá gun afárá. Etí wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ fóònù. Mo ní màá máa fi mọ́tò gbé màmá mi lọ ní Sátidé, torí ibi tí ọkọ̀ ti lè yí padà jìnnà. Mo gbé wọn lọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Agbowó àti Apẹ̀tẹ̀. Bí wọ́n bá pè mí, mà á ní, "Ó di Sátidé tó ń bọ̀, Mọ́mì."

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n tún pè. "Èrò pọ̀ níwájú ilé ọ̀rẹ́ mi. Mi ò mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀."

Mo sáré lọ gbé wọn. Kí a tó yí ọkọ̀ padà débẹ̀, wọ́n ti gbé òkú ọ̀rẹ́ wọn lọ sí mọ́ṣúárì. Ọmọ olóògbé dì mọ́ màmá mi.

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń bèèrè lánàá, mà."



Mo kọ ọ̀rọ̀ màmá mi àti ọ̀rẹ́ wọn sínú ìwádìí wa, ọ̀gá mi sì yọ ọ́ kúrò. Ó fohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé àwọn tó ń wọkọ̀ nìkan ni wọ́n ní ká bi léèrè. Nígbà tí a parí iṣẹ́, màmá mi bi mí pé kí ni àwọn èèyàn sọ.

"Wọ́n ní ọ̀nà náà dáa, mà."

"Ó dáa lóòótọ́," ni wọ́n dáhùn. Mo bú sẹ́kún.